Kíkọ́ Ọmọ JSS ní Ọnà Èdè: Ẹnu Wọn Ni Kí Ẹ Ti Mú Un

Bí olùkọ́ bá wọ kíláàsì JSS 1 ní Òṣogbo, tó gbé ṣọ́ọ̀kì, tó kọ ọ́ sójú pátákó pé "Àfiwé tààrà ni fífi nǹkan méjì wé ara wọn nípa lílo bí, bíi tàbí jọ", àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, ó tán náà nìyẹn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó bá rántí lára wọn á kà á ní àkàsórí, ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ewì kékeré kan, kò ní í lè nàka sí ẹyọ kan níbẹ̀. Àwọn ọmọ yìí kan náà ló máa tú jáde lásìkò ìsinmi, tí ọ̀kan á sọ fún èkejì pé "Ẹsẹ̀ ẹ gùn bíi ti lékeléke", tí onítọ̀hún á fèsì pé "Ìwọ ńkọ́, ìjàpá!", tí ẹni kẹta á ní "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀rín ti pa mí kú!" Kí ẹ tó ṣẹ́jú, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ àti àsọrégèé, ọnà èdè mẹ́ta, ti jáde lẹ́nu wọn, kò sì sẹ́ni tó jókòó kọ́ wọn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí orúkọ gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lé e lórí. Nígbà tó bá ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Orúkọ tí ọmọ gbọ́ kó tó rí nǹkan ni kì í pẹ́ lórí.

Àwọn ọmọ tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tó wà láàárín ọdún 10 sí 14. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí, ìgbà kan wà tí ìjọba pín ilé-ìwé sí Elementary, Middle àti High School, wọ́n tún dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ohun yòówù kí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu géètì, ọmọ ọlọ́dún 12 ni ọmọ ọlọ́dún 12: ó ti gbọ́n tó láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè ní ìtumọ̀ méjì, kò sì tíì dàgbà tó láti máa tijú bó bá ń pa àlọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó ọ̀rọ̀ jọ

Ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gan-an ni kí ẹ fún wọn ní iṣẹ́ àmúrelé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó gbọ́ lẹ́nu èèyàn tó jẹ́ pé, bí a bá gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kò lè jẹ́ òótọ́, tàbí tí wọ́n fi nǹkan kan wé nǹkan mìíràn. Ibi tí wọ́n ti máa gbọ́ ọ pọ̀: nílé, ní Ọjà Ọba, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, lábẹ́ bíríìjì Ọlá-Ìyá níbi táwọn oníbọ́ọ̀sì ti ń pe èrò, níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, kí wọ́n sì kọ ẹni tó sọ ọ́ sí i: ìyá alátà, dírẹ́bà, bàbá àgbà.

Òfin kan péré ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sì rọ̀ mọ́ ọn: kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó bá ọmọ kíláàsì wí. Èébú ọmọdé kún fún àfiwé ju ohunkóhun lọ, bí ẹ bá sì ṣílẹ̀kùn fún un, orí ọmọ kan àti imú ọmọ kejì lẹ máa fi gbogbo pírẹ́ọ̀dù jíròrò. Bí ọmọ bá mú èébú wá, ẹ jẹ́ kó gbé e lé oòrùn, ewúrẹ́ tàbí jẹnẹrétọ̀ lórí.

Irú ohun tí ẹ máa rí gbà nìyí:

Oòrùn òní ò mojú ẹnikẹ́ni.
Mo dúró títí ẹsẹ̀ mi fi hu gbòǹgbò.
Ata yìí ń ta bí iná.
Owó ọkọ̀ ti fò sókè.
Jẹnẹrétọ̀ wa ń wúkọ́.
Ológbò ni ọmọ yẹn.
Ó rí wọn lókèèrè, ló bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ wọ́n sójú pátákó láìtò wọ́n, ẹ sì fi àmì sí wọn lórí dáadáa. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ lójú pátákó nítorí àkókò, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí, àmì tó bá yẹ̀ lè ba àpẹẹrẹ jẹ́ pátápátá, pàápàá nígbà tí a bá dé orí ìfọ̀rọ̀dárà, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra ṣeré.

Nínú kíláàsì Òṣogbo, ẹ tún máa rí ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ìbọ̀lọ́, àti àwọn tí òbí wọn wá láti Sábó tàbí láti ìlà-oòrùn, tí Yorùbá kì í ṣe èdè ilé wọn. Ẹ má fo àwọn wọ̀nyí. Ẹ ní kí wọ́n sọ ti èdè ilé wọn, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọmọ tí kì í lanu nínú kíláàsì Yorùbá lè jẹ́ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ jù lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìbéèrè mẹ́ta

Ibí ni ẹ̀kọ́ wà, ẹ má kánjú níbẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sí apá kan pátákó, kí ẹ má sì pa á rẹ́ títí táàmù á fi parí:

Kí ni à ń sọ̀rọ̀ lé lórí?
Kí ni wọ́n fi wé e, tàbí kí ni wọ́n pè é?
Níbo ni àwọn méjèèjì ti jọra?

Méjì àkọ́kọ́ rọrùn. Ọmọ tó ń sùn pàápàá lè dáhùn wọn. Ìkẹta ló ṣòro, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ mú gbólóhùn yìí: "Ẹkùn ni olùkọ́ tuntun yẹn." À ń sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́, wọ́n pè é ní ẹkùn. Níbo ni wọ́n ti wá jọra? Ẹni kan á ní "Ó ń bani lẹ́rù." Ẹ gbà á, kí ẹ tún bi ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn á ní "Kì í pariwo, ṣùgbọ́n kí o tó mọ̀, ó ti dé ẹ̀yìn rẹ." Èyí jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọmọ yìí ti ń wo ìrìn ẹkùn, kò wo orúkọ rẹ̀ nìkan. Bí ẹnì kan bá ní "Ó ní ìrù", ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹ wá bi í pé ṣé ìrù ni ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn ní lọ́kàn. Báyìí ni ọmọ ṣe ń mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ara ẹkùn la gbé wá, ibì kan péré la mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹranko. Olùkọ́ kan náà, ṣùgbọ́n "Ìjàpá ni olùkọ́ tuntun yẹn." Kí ló yí padà? Olùkọ́ ò yí padà, ojú tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi ń wò ó ló yí padà. Ẹ tún gbìyànjú "Àdàbà ni." Bí ọmọ bá ti rí i pé àfiwé máa ń gbé ìdájọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pamọ́ sínú, ó ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà ò fiyè sí.

Nígbà tí ẹ bá ti fi ìbéèrè mẹ́ta yìí yẹ gbólóhùn bíi mẹ́rin wò, ìṣẹ́jú 40 ti ń lọ sópin. Ẹ má tíì dárúkọ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àfiwé tààrà àti wàhálà "bí"

Níbí la ti máa dárúkọ àkọ́kọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ gbogbo ohun tó ní "bí", "bíi", "jọ", "dà bí" tàbí "ju … lọ" nínú ohun tí wọ́n kó wá, kí ẹ sọ fún wọn pé àfiwé tààrà là ń pe èyí tí àmì rẹ̀ hàn báyìí. Kíá ni wàhálà á dé: láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo "bí" tí ọmọ bá rí ló máa fà lábẹ́. Ẹ tètè pa á lẹ́nu pẹ̀lú gbólóhùn wọ̀nyí:

Bí òjò bá rọ̀, a ò ní í lọ sóko.
Ìyá rẹ̀ bí ìbejì.
Sọ fún mi bí o ṣe rí i.
Adé ga bíi Kọ́lá.
Adé ga bí òpó iná.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ ò la ariwo lọ. Èyí tó yẹ kí kíláàsì jà lé lórí ni ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Adé àti Kọ́lá, ènìyàn ni wọ́n, a lè kó wọn dúró síwájú ògiri kí a wọ̀n wọ́n. Ìròyìn lásán nìyẹn. Kò sí ọnà èdè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Adé àti òpó iná ò sí nínú ìdílé kan náà, kò sì sẹ́ni tó gbà pé Adé ga tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Níbi tí a ti fo láti orí ènìyàn bọ́ sórí òpó, ibẹ̀ ni ọnà wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe irú gbólóhùn méjì-méjì báyìí fúnra wọn, ọ̀kan ìròyìn, ọ̀kan ọnà: "Ẹ̀wà yìí dùn bíi ti àná" àti "Ẹ̀wà yìí dùn bí oyin."

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbógun ti àfiwé tó ti gbó. Ẹ kọ "Ó dúdú bí …" sílẹ̀, gbogbo kíláàsì á pariwo "kóró iṣin!" Ó dára, kóró iṣin dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó nínú wọn ló ti rí i? Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ohun tí kò fi ojú ara rẹ̀ rí láàárín ìlú. Òṣogbo Òròkí tí wọ́n ń kì ní ìlú aró la wà, ó yẹ kí ọmọ kan rántí aró. "Ó dúdú bí ọwọ́ aláró" ni mo fẹ́ràn jù nínú irú èyí, torí pé ọwọ́ aláró kì í kàn dúdú lásán, kì í tún tètè ṣí. Bí ẹ bá ní àdìrẹ nílé, ẹ mú un wá. Ẹ sọ orúkọ bátànì bí Oṣùbàmbà fún wọn, kí wọ́n wá oṣù ńlá náà lára aṣọ, kí wọ́n sọ ibi tó ti jọ oṣù ojú ọ̀run àti ibi tí kò ti jọ ọ́.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní kíláàsì kejì ń kọ́ wọn ní ohun kan náà lábẹ́ orúkọ simile, ó sì ní kí wọ́n há a sórí pé nǹkan funfun bíi snow, tí àwa ń pè ní yìnyín. Ọmọ Òṣogbo tó rí yìnyín tó bọ́ nínú òjò rí, ó mọ̀ pé ó tutù, ó mọ̀ pé ó ń ró gbàgbà lórí páànù. Fífunfun kọ́ ni ohun tó rántí nípa rẹ̀. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá lè jọ sọ̀rọ̀ ní yàrá olùkọ́, kí ẹ jọ lo ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ẹ máa gba ara yín lọ́wọ́ iṣẹ́ àtúnṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àlọ́ àpamọ̀ ni ẹnu ọ̀nà àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú jù, nítorí kò sí "bí" tí wọ́n lè dì mú. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé "ó jẹ́ àfiwé tí kò lo bí", ohun tí kò sí lẹ fi ṣàlàyé fún wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlọ́.

"Ààlọ́ o!" "Ààlọ̀!" "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ọ̀pọ̀ wọn á mọ̀ ọ́n: ẹ̀wà. Ẹ má dúró níbẹ̀, ìgbà yìí gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀wà olójú dúdú díẹ̀ dání, kí ẹ pín in fún wọn ní hóró kọ̀ọ̀kan. Kí ni à ń sọ̀rọ̀ lé lórí? Ẹ̀wà. Kí ni wọ́n pè é? Ọmọ tó lé tìróò. Níbo ni wọ́n ti jọra? Wọ́n á wo hóró ọwọ́ wọn, wọ́n á rí ojú dúdú yẹn. Ẹ tún bi wọ́n nípa "igba ọmọ": èwo lára igi ẹ̀wà ló ṣe bí ìyá? Ọmọ tó bá ti bá ìyá rẹ̀ pa ẹ̀wà lóko á dáhùn yín.

Ẹ tún mú "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́." Ahọ́n ni. Awẹ́ obì àti ahọ́n jọra ní ìrísí, èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n kí ló mú un jẹ́ à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó: láti Òṣogbo dé Ọ̀yọ́, ahọ́n wà lẹ́nu, kì í tán. Wọ́n á rí i pé ibi tí wọ́n ti jọra wà, ibi tí wọn ò ti jọra náà sì wà, àlọ́ sì ń lo méjèèjì.

Ìgbà yìí lẹ wá máa yọ ìbéèrè àlọ́ kúrò, kí ẹ sọ ọ́ di gbólóhùn: "Awẹ́ obì tí kì í tán ni ahọ́n." Ẹ sọ fún wọn pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn. Kí ẹ fi èyí tó ní "bí" gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́:

Ọkàn rẹ̀ le bí òkúta.
Òkúta ni ọkàn rẹ̀.

Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ti sọ ibi ìjọra fún wa: líle. Nínú èkejì, wọ́n fi í sílẹ̀ kí a wá a. Ìyàtọ̀ tó yẹ kó wọ ọmọ létí nìyẹn, pé ẹlẹ́lọ̀ọ́ máa ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún olùgbọ́. Ẹ ṣọ́ra fún "ni" bí ẹ ṣe ṣọ́ra fún "bí". Bí ajá ilé kan bá ń jẹ́ Bingo, "Ajá ni Bingo" kì í ṣe àfiwé kankan, ajá ni lóòótọ́. "Ajá ni ọkùnrin yẹn" ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Kí wọ́n wá pa àlọ́ tuntun fúnra wọn, lórí nǹkan ayé òde òní. Èyí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn: "Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kì í ṣe arúgbó, ó gbé èèyàn mì ní Ọjà Ọba, ó pọ̀ wọ́n sí Òkè-Fíà." Kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àmọ́ àwọn kan á mú irú èyí wá: "Kò ní géètì, kò ní síkiọ́rítì, ó ń sanwó fún èèyàn lábẹ́ agboòrùn." Oní-POS ni, gbogbo èèyàn á gbà á, ṣùgbọ́n kò fi wé nǹkan kan, ó kàn ṣàpèjúwe rẹ̀ ni. Ẹ má fi orúkọ ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé kí la lè pe oní-POS tí àlọ́ yìí á fi di ẹlẹ́lọ̀ọ́. "Báńkì tó ń jókòó lórí àga oníke" tàbí "kànga owó" tàbí ohun tó sàn ju méjèèjì lọ á jáde.

Iṣẹ́ àmúrelé fún ibí ni oríkì. Kí wọ́n bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà nílé, kí wọ́n mú ìlà méjì péré wá nínú oríkì ilé wọn. Ẹ máa rí ẹkùn, erin, àràbà, òkun. Ẹ máa rí èyí tí ọmọ náà ò gbọ́ rárá, ẹ̀yin náà lè má gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ẹ rán an padà lọ béèrè. Ilé mìíràn wà tí òbí á ní àwọn ò fẹ́ oríkì mọ́ nítorí ẹ̀sìn. Ẹ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn láìṣe àlàyé rẹpẹtẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìfohunpènìyàn àti àsọrégèé

Àwọn méjì yìí kò gba àkókò tó bẹ́ẹ̀. Fún ìfohunpènìyàn, ìyẹn mímú ohun tí kì í ṣe ènìyàn hùwà bí ènìyàn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ tọ́ka sí: ta ló sábà ń ṣe iṣẹ́ yìí? "Òjò ń rọ̀" ò ní nǹkan kan nínú, òjò ló ń rọ̀. "Òjò ń bínú" ló ní. Lórí "Jẹnẹrétọ̀ wa ń wúkọ́", ọmọ ọlọ́gbọ́n kan á ní ewúrẹ́ náà ń wúkọ́, nítorí náà kì í ṣe ènìyàn nìkan. Ẹ yìn ín, kí ẹ sì jẹ́ kí kíláàsì dá a lóhùn.

Ọ̀pọ̀ máa fẹ́ lo ìtàn ìlú wa, pé nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn gé igi tó wó sódò, ohùn kan ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àpẹẹrẹ tó dùn ni: odò tó ń sọ̀rọ̀, odò tó ń rẹ aró. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó wà níwájú yín. Lójú ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ń bọ Ọ̀ṣun, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọnà èdè. Lójú ọmọ pásítọ̀ tàbí ọmọ àfáà, nǹkan mìíràn ni. Mo máa ń sọ ìtàn náà fún wọn bí ìtàn, màá sì mú àpẹẹrẹ ìfohunpènìyàn láti ara oòrùn, jẹnẹrétọ̀ àti iná mànàmáná tí kò sẹ́ni tó ń bọ wọ́n.

Fún àsọrégèé, ìbéèrè kan tó: kí ló yà á sọ́tọ̀ sí irọ́? Onírọ́ fẹ́ kí a gba òun gbọ́. Ẹni tó ní òun dúró títí ẹsẹ̀ òun fi hu gbòǹgbò kò retí pé kí a wá wo gbòǹgbò. Ó kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé ó pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àkànlò èdè, kí wọ́n yà á

Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí èèyàn máa fi bébà àti kírẹ́yọ́ọ̀nù ṣahun. Ẹ pín àkànlò èdè fún wọn: fàáké kọ́rí, forí jálé agbọ́n, bá ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀, ta téru nípàá, fi ọwọ́ lẹ́rán. Ní apá òsì bébà, kí wọ́n ya ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ gẹ́lẹ́: ọmọ tó gbé àáké kọ́ orí, ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jíròrò. Ní apá ọ̀tún, kí wọ́n ya ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tó kọ̀ jálẹ̀, ẹni tó ń sá lọ. Ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri.

Ibí ni àwọn ọmọ máa ń béèrè pé kí ló yà á sọ́tọ̀ sí ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. "Ẹkùn ni olùkọ́ yẹn" lè di kìnnìún tàbí ìjàpá, ìtumọ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ó "bá orúnkún rẹ̀ sọ̀rọ̀", kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó sá lọ. Àkànlò èdè ti dì, bí àwọn àgbà ṣe lò ó la ṣe ń lò ó.

Àdàpè lè tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ti mọ̀ pé a kì í pe ejò lórúkọ lóru, okùn ilẹ̀ là ń pè é. Wọ́n ti gbọ́ pé ọba kì í kú, ó ń wàjà. Wọ́n ti gbọ́ pé aládùúgbò kan fẹ́ra kù. Ẹ kàn ní kí wọ́n sọ ìdí: ẹ̀rù ni, ọ̀wọ̀ ni, tàbí ìtìjú?

Ìfọ̀rọ̀dárà àti ìfìrógbóyèyọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di JSS 3, kí ẹ sì fi etí kọ́ wọn. "Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ló ní ọpọlọ" kò wúlò lórí bébà tí kò ní àmì, ẹ ní kí wọ́n pè é sókè, kí wọ́n yára, kí wọ́n ṣìṣe, kí wọ́n tún un pè. Fún ìró, ẹ ju nǹkan sílẹ̀: ìwé á ró gbàà, owó ẹyọ á ró kín-ín, àpò ìrẹsì á ró gbì.

Ìgbésẹ̀ keje: kí wọ́n kọ ọ́

Ọmọ tó mọ ọnà èdè tọ́ka sí nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn lè má lè lò ó. Ẹ má sọ pé "Kọ àfiwé tààrà márùn-ún." Gbólóhùn tó ti kú ni kí ẹ gbé sílẹ̀, kí ẹ jọ jí i dìde. Ọmọ kan kọ ọ́ pé "Ọjà Ọba kún gan-an." Ẹ bi í: kí lo rí tó o fi mọ̀ pé ó kún? "Èèyàn ò ráyè kọjá." Báwo ni ìwọ àti màmá ẹ wá ṣe kọjá? "A ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn." Ta ló máa ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn? Á rẹ́rìn-ín: "Alákàn!" Ó parí. "Ọjà Ọba kún débi pé ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn bí alákàn." Ẹ ò fún un ní ọ̀rọ̀ kankan, ìbéèrè lẹ fi fà á jáde, inú ohun tó rí gan-an ni àfiwé náà sì ti wá.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọnà èdè jù. Ìpínrọ̀ kan á ní ẹkùn, oyin, òpó iná àti agbọ́n. Òfin mi ni pé ìpínrọ̀ kan, ọnà èdè kan, títí ọmọ á fi mọ ìgbà tó lè ré òfin náà kọjá. Kí ó fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà, kó ka ìyókù. Bí nǹkan kan ò bá sọnù, kó pa á rẹ́.

Máàkì àti ìdánwò

Bó ti wù kó rí, BECE ń bọ̀ ní ìparí JSS 3, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì ń pè ní Junior WAEC, orúkọ tí a ní kó gbẹ̀yìn sì gbọdọ̀ ti wà lórí nígbà náà. Ìgbà yìí lẹ lè ṣe káàdì: orúkọ ní ojú kan, àpẹẹrẹ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú wá ní ojú kejì. Àpẹẹrẹ tirẹ̀ ló máa rántí, kì í ṣe ti ìwé.

Nínú ìdánwò tiyín, ẹ má fún orúkọ nìkan ní máàkì tó pọ̀. Bí ìbéèrè bá jẹ́ máàkì mẹ́rin, mo máa ń fún orúkọ ní ọ̀kan, ìlà tí ọmọ tọ́ka sí ní ọ̀kan, àlàyé ibi ìjọra ní méjì. Ìdáhùn kan wà tí gbogbo wọn máa ń kọ: "Ó jẹ́ kí ewì náà dùn létí." Òdo ni mo ń fún un, mo sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ọnà èdè ni wọ́n lè kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀, nítorí náà kò sọ nǹkan kan nípa èyíkéyìí.

Ẹ sì máa bá ìlà tó ní ọnà méjì pàdé. "Oòrùn òní bínú bí ẹkùn." Ọmọ kan á pè é ní àfiwé tààrà nítorí "bí ẹkùn", ọmọ kejì á pè é ní ìfohunpènìyàn nítorí "bínú", ẹni kẹta á ní ẹkùn náà ń bínú, kí ló wá kan ènìyàn. Bí ìwé àmì yín, ìyẹn ìwé ìdáhùn tí ẹ fi ń máàkì, bá ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún irú ìlà yẹn, ìwé àmì ni kí ẹ tún ṣe. Ẹni tó bá dárúkọ ọ̀kan, tó sì sọ ibi tó ti rí i, kó gba máàkì rẹ̀ pé.